Ogójì Ìṣísẹ̀ sí Etí Odò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Ìyàwó ọmọ mi ló ń kọ ọ́. Èmi ni mò ń sọ ọ́. Mi ò mọ ìwé, òun mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe é kà. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi tiẹ̀ kún un, kó má sì tún un ṣe kó lè dùn. Ọkọ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tó bá kan ibi tí mo ti bú ọkọ rẹ̀, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Igbó kan wà láàárín oko wa àti odò. Kò tóbi. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á gba inú rẹ̀ já kí omi tó hó lórí iná. Ọkọ mi kò ṣán an, bàbá rẹ̀ náà kò ṣán an, kò sì sẹ́ni tó gbin nǹkan kan síbẹ̀ rí. Ohun tó wà níbẹ̀ ló gbin ara rẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ ká ṣán gbogbo rẹ̀ lọ́dún yìí, ká fi gbin àgbàdo. Ilẹ̀ tí à ń ro kò tó wa jẹ mọ́, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ti ní kó wá máa wa tipà fáwọn. Ó ní bí ilẹ̀ ò bá pọ̀ sí i, òun ń lọ nìyẹn. Tó bá lọ, mi ò lè ro oko yìí. Orúnkún mi méjèèjì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Obìnrin ọ́fíìsì àgbẹ̀ ní ká má fọwọ́ kan igbó náà. Ó ní kí n máa wò ó, kí wọ́n máa bá mi kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀ títí di ìkórè, torí èmi ni ọkọ mi fi ilẹ̀ lé lọ́wọ́, èmi ni màá pinnu. Mo bi í pé kí ló dé tí òun tó kàwé kò pinnu. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ọmọ mi àti obìnrin ọ́fíìsì àgbẹ̀ pàdé lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Mo jókòó sáàárín wọn bí ìyá adájọ́.

"Ọ́fíìsà, ẹ jọ̀ọ́, àpò àgbàdo mélòó ni igbó yẹn ń so lọ́dún?"

"Kò so àgbàdo, ẹ̀gbọ́n. Ó ń di ilẹ̀ tí àgbàdo yín dúró lé mú."

"Ilẹ̀ mi ò sá lọ rí."

"Torí pé igbó wà níbẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Eku tó ń hú àgbàdo mi ńkọ́, ṣé ọ̀run ló ń gbé?"

Ó pa mí lẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ló sọ. Obìnrin yẹn náà kò sì parọ́. Nígbà tó ti gun alùpùpù rẹ̀ lọ, ọmọ mi ní, "Màámi, ta lẹ fẹ́ gbọ́ tiẹ̀, èmi tẹ́ ẹ bí àbí ẹni tó ń gun alùpùpù kiri?" Mo ní kó lọ já ewé fún ewúrẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo wọ inú igbó náà fúnra mi láàárọ̀, mo mú ọ̀pá dání. Ooru ń mú níta, inú ibẹ̀ tutù. Ọ̀pọ̀tọ́ ńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, oyin wà nínú ihò ọ̀kan, ìtàkùn sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹrù tí kò fẹ́ tú. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ débi pé ọ̀pá mi ń wọlé. Mo rí ihò eku mẹ́jọ láàárín ibi tí mo dúró sí àti ibi tí mo ti jókòó. Ṣe ni mo lọ wo ẹni tó ń sọ òótọ́ nínú àwọn méjèèjì. Àwọn méjèèjì ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ti pín in. Mo dúró síbi tí omi odò dé, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ka ogójì ìṣísẹ̀ bọ̀ lápá oko. Níbi tí ogójì bá parí sí ni ìyàwó ń gbá èèkàn mọ́lẹ̀. Ìgbà mẹ́tàlá la ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó dé òpin igbó. Ohun tó wà láàárín èèkàn àti omi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun tó kù lápá oko, kí katakata máa gbé e lọ.

Ọmọ mi fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò wá.

"Màámi, ìṣísẹ̀ yín ti kéré gan-an o."

Inú rẹ̀ dùn sí i. Mo sọ fún un pé nígbà tí mò ń gbé e pọ̀n lọ sóko, ìṣísẹ̀ mi tóbi.

Obìnrin ọ́fíìsì àgbẹ̀ ní ó sàn ju kí gbogbo rẹ̀ lọ. Ọmọ mi ní ó sàn ju kí gbogbo rẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tínú rẹ̀ dùn délẹ̀, mo sì kà á sí pé mo pín in dọ́gba.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Katakata dé. Ohun tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ìdajì ọjọ́ ló gbà á. Awakatakata jẹun lórí ìjókòó rẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Mi ò sunkún. Ìyàwó ló sunkún. Ó ní òun ò ní kọ ìyẹn, mo ní kó kọ ọ́.

Ilẹ̀ náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ mi bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá gbé e tọ̀ mí wá bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Màámi, ẹ wò ó." Mo wò ó. Ó dára. Mi ò lè sọ pé kò dára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òjò ò rọ̀. Ajílẹ̀ tún ti wọ́n sí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Ó ṣú dùdù, a kó aṣọ wọlé, afẹ́fẹ́ gbé e kọjá lórí wa. A gbọ́ pé ó rọ̀ lẹ́yìn òkè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Òjò rọ̀ láti ìdájí títí oòrùn fi mú. A gbin ilẹ̀ tuntun lónìí, a ó gbin ti àtijọ́ lọ́la. Mo gbin elégédé sí eteetí, lápá igbó àti lápá ọ̀nà. Ìyẹn ni mo lè gbìn láìbẹ̀rẹ̀ púpọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àgbàdo ti hù. Ti ilẹ̀ tuntun fi ìka méjì ga ju ti ilẹ̀ àtijọ́ lọ, ó sì tutù yọ̀yọ̀. Ọmọ mi ń rìn láàárín rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Obìnrin ọ́fíìsì àgbẹ̀ yà wá.

"Ọ́fíìsà, ẹ wá wo igbó yín bó ṣe di àgbàdo."

"Ó dára, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ tuntun máa ń ṣe báyìí lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká rí ọdún kẹta."

"Ẹ kì í gbádùn nǹkan, àbí?"

"Mò ń gbádùn rẹ̀. Mo tún ń wò ó ni."

Lẹ́yìn tó lọ, mo rò ó pé bóyá èmi ni mo dí ọmọ mi lọ́wọ́ láti ọdún yìí wá. Bó bá jẹ́ pé a ti ṣán an lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ńkọ́? Mo lọ ṣa ẹ̀wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Eku ti hú ìlà mẹ́rin tó sún mọ́ igbó. Wọ́n hú u létòlétò, bí ẹni tí a gbà síṣẹ́. Ọmọ mi dẹ pańpẹ́, ó pa mọ́kànlá. Ó tò wọ́n sórí pákó níwájú ilẹ̀kùn mi. Ó fẹ́ kí n kà wọ́n ni. Mo kà wọ́n. A tún ìlà mẹ́rin náà gbìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún

Kòkòrò dé. Ní àárín ilẹ̀ àtijọ́, ewé àgbàdo ti lu bí ajere. Mo ní kí ìyàwó mú àga kékeré tẹ̀ lé mi, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, mo ń tú ewé wò. Bí a ṣe ń sún mọ́ igbó ni kòkòrò ń dín kù. Nínú ìlà mẹ́rin tí eku hú, tí a tún gbìn, ẹyọ méjì péré la rí. Èèrà ń kó ọ̀kan lọ nínú àwọn méjèèjì, ẹyẹ sì ń wọlé, wọ́n ń jáde nínú igbó ní orí wa.

Ìyẹn ni pé ìlà tí igbó fi fún eku jẹ náà ni igbó ń lé kòkòrò kúrò lórí rẹ̀. Kí wá ni kí n sọ pé igbó náà ṣe fún wa?

Àbúrò ọkọ mi, tó ń dáko ní òdìkejì odò, rí wa láti ọ̀hún. Ó ti pẹ́ tó ti ṣán tiẹ̀ dé ẹnu omi. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, "ìyàwó wa" ló ń pè mí títí dòní.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ ń kí kòkòrò lọ́kọ̀ọ̀kan ni?"

"Mò ń bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ṣí lọ sọ́dọ̀ yín."

"Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀. Mo ti po oògùn dè wọ́n."

Kò sí igbó lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí kòkòrò, kò sí eku. Àgbàdo rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Ìyàwó lọ pọn omi, ó rí òkú oyin tó léfòó ní etí odò, ó tó ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ó ní oògùn òdìkejì ni. Ó lè jẹ́ òun. Mi ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Elégédé tó wà lápá igbó ti so, mo ka mẹ́rìnlélógún. Èyí tó wà lápá ọ̀nà ń yọ òdòdó, òdòdó ń rẹ̀ dànù. Mo ka mẹ́ta. Obìnrin ọ́fíìsì àgbẹ̀ ní oyin inú igbó ló ń ṣe é. Ọmọ mi ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí mo dà sápá igbó ni. Òótọ́ ni pé mo da ìgbẹ́ ewúrẹ́ síbẹ̀. Mi ò da síbi tọ̀hún torí ó jìnnà. Obìnrin náà ní, "Ha, Màmá, ẹ ti ba ìdánwò yẹn jẹ́." Mi ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Elégédé ni mo pè é.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Oníkálẹ́ńdà dé. Òun ló ń ra àgbàdo fún àwọn tó ń sin adìyẹ, gbogbo ìgbà tó bá ti wá ló ń pín kálẹ́ńdà, oṣù karùn-ún nìyí. Ó rin oko wò pẹ̀lú ọmọ mi, wọ́n wá dúró lẹ́yìn ilé ìdáná tí mo wà.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, mo lè gba ọgọ́ta àpò lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ máa lè mú un jáde?"

"A máa mú un jáde. Igbó etí odò yẹn ń lọ lẹ́yìn ìkórè. Mo ti bá awakatakata sọ̀rọ̀."

Ó lọ tán, mo pe ọmọ mi wọlé.

"Ta ló fún ọ ní igbó tó kù?"

"Màámi, mo kàn ń bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ ni."

"O ti pe awakatakata."

"Tí a ò bá tètè pè é, àwọn ẹlòmíràn á gbà á. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ló ráyè."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n má lọ síbi búlọ́ọ̀kù? Tí mi ò bá lọ, kí ni kí n dúró tì?"

Mo ní kó jáde nílé ìdáná mi, ó ń dí ìmọ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà

Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí òjò ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró. Láàárọ̀ yìí odò ti kúrò níbi tí a mọ̀ ọ́n sí. Mo ní kí ìyàwó mú mi lọ wo àwọn èèkàn wa.

Níbi tí bèbè odò ti ga, omi gba ìṣísẹ̀ mẹ́wàá nínú ogójì, igi sì dúró sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí odò ti yí, tí bèbè kò ga, ó gba ogójì tán, ó bo èèkàn, ó wá gba ìlà àgbàdo mẹ́sàn-án lé e. Ìlà tó ti yọ ọmọ ni o. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi rí ohun tí mo ṣe. Oṣù kẹta ni mo ka ìṣísẹ̀, nígbà tí odò fà dé àárín, tí ẹni tó bá ká aṣọ sókè lè fò ó. Ibi tí omi dé lọ́jọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo ti ń gbé etí odò yìí, mo wá lọ wọn ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé.

Ìyàwó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo ní kó kọ ọ́ pé ẹ̀bi mi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Oòrùn yọ. Omi ti fà díẹ̀. Nínú igbó, pàǹtí há sára ẹ̀ka, ó ga dé àyà mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ kò lọ síbì kankan. Níbi ìlà mẹ́sàn-án, ilẹ̀ dúdú tí ọmọ mi gbóòórùn rẹ̀ ti bá omi lọ. Iyanrìn ló kù, gbòǹgbò àgbàdo yọ síta bí ìka ẹsẹ̀. Omi tí à ń mu pọ́n. Ìyàwó fi aṣọ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì pọ́n.

Mo bi ọmọ mi bó ṣe rí i. Ó ní ọdún òjò ńlá ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Mo rò ó, mi ò rántí ọdún tí òjò rọ̀ tó báyìí lóòótọ́. Àbúrò ọkọ mi pàdánù ìlà mẹ́tàlá. Mo kí i kú ìpàdánù láti òdìkejì. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, odò wá kí mi, díẹ̀ ló kù kó wọ yàrá. Ọdún kan nínú mẹ́wàá ló ń ṣe báyìí. Ọdún mẹ́sàn-án tó kù, mò ń jẹun."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, mi ò mọ ibi tí màá gbé e kà. Tí mo bá ní kò gbọ́n, ọgọ́rin ọdún ló fi wà láàyè.

Ìyàwó ní òun fẹ́ kí n jẹ́ kí òun sọ nǹkan kan kí òun sì kọ ọ́. Mo gbà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ohun tó kọ nìyí: "Ọkọ mi ń ka àpò, Ọ́fíìsà ń ka ọdún, èmi ni mò ń pọn omi, kò sì sẹ́ni tó bi mí."

Ó kà á fún mi. Mo ní kó fi sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù tún pe ọmọ mi. Ó gbé fóònù lọ dáhùn lẹ́yìn ilé. Ó pẹ́ kó tó wọlé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ oṣù keje

A kórè tán lónìí. Ilẹ̀ àtijọ́ mú àpò méjìlélógún jáde. Ilẹ̀ tuntun tó wà lápá bèbè gíga mú mẹ́rìnlá, irú èyí tí a ò rí rí lórí ilẹ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀. Ibi tí odò ti yí mú mẹ́ta, tí a sì fi ọwọ́ yọ iyanrìn lára rẹ̀. Ó jẹ́ mọ́kàndínlógójì. Bí ẹ bá wo mẹ́rìnlá, ọmọ mi jàre. Bí ẹ bá wo mẹ́ta, obìnrin ọ́fíìsì àgbẹ̀ jàre. Gbogbo ilé ń wo ojú mi. Èmi ń wo àpò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ní kí ìyàwó ka gbogbo ohun tí a ti kọ fún obìnrin ọ́fíìsì àgbẹ̀. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ń mi orí. Mo bi í pé kí wá ni mo rí.

"Màmá, ọdún kan ò tó láti fi mọ̀."

"Ọdún mélòó ló tó?"

"Márùn-ún. Tó bá jẹ́ mẹ́wàá, ó máa dára."

"Ọ́fíìsà, ṣé o ti wo ojú mi dáadáa ṣá?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó tọrọ omi mu. Bó ṣe ń mu ún lọ́wọ́ ló bi mí, "Màmá, àwọn igi wo nìyẹn lẹ́yìn ilé, lórí ibi tó ga yẹn?"

"Ọsàn."

"Ṣé wọ́n ṣì ń so?"

Mo ní kó mu omi rẹ̀ kó máa lọ, òjò ń bọ̀. Kò sí òjò tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo lọ síbi ọsàn. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Mẹ́rin ló ṣì ní ewé lára, ìyókù ti gbẹ láti òkè wá, àfòmọ́ ló ń jẹ wọ́n. Ọdún kẹta nìyí tí a ò rí ọsàn kan mu níbẹ̀. Ibẹ̀ ga, ó tẹ́jú, omi kì í dé ibẹ̀. Mo ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, mo tún un kà: ó fi díẹ̀ ju igbó tó kù lọ. Ọmọ mi kò dárúkọ ibẹ̀ fún mi rí, torí ó mọ̀ pé èmi ni mo gbin gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti lọ sílé ọkọ, ló pọn omi sí wọn lọ́dún méjèèjì tí òjò ò tètè dé. Ó fi orí ru ú láti odò, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Mo bínú sí obìnrin ọ́fíìsì àgbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mi ò mọ ìdí.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́

Ọmọ mi ti bá ọkọ̀ kó àgbàdo lọ fún Oníkálẹ́ńdà, ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ló ń bọ̀. Awakatakata ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Èmi àti ìyàwó lọ sétí odò láàárọ̀. A wá ibi tí pàǹtí há sí kó tó di pé atẹ́gùn tú u ká, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ogójì lọ́tẹ̀ yìí. Níbi tí odò ti yí, ogójì bọ́ sínú ilẹ̀ àgbàdo, ìlà ogún ó lé. Ìyàwó gbá èèkàn síbẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ń padà sínú igbó. A ò ní gbin nǹkan kan síbẹ̀, kí ohun tó bá fẹ́ hù níbẹ̀ máa hù.

Mi ò tíì mọ ẹni tó jàre. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé mo ti mọ̀. Eku ń jẹ wá láti inú igbó yẹn, oyin ń bọ́ wa, mi ò sì mọ èwo ló pọ̀ jù, àbí ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni. Ohun tí mo rí kò ju ẹyọ kan lọ. Bí mo bá fi igbó náà sílẹ̀ tó jẹ́ pé mo ṣìṣe, ẹnikẹ́ni lè ṣán an lọ́dún tó ń bọ̀, ìdajì ọjọ́ ni. Bí mo bá ṣán an tó jẹ́ pé mo ṣìṣe, èmi kọ́ ni mo gbìn ín, mi ò lè gbìn ín padà. Ọsàn, mo mọ bí a ṣe ń gbìn ín.

Ìyàwó, kọ àwọn tó gbọ́dọ̀ gbọ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ tẹ̀ léra.

Awakatakata ni àkọ́kọ́. Pè é lórí fóònù nísinsìnyí. Sọ fún un pé kó má gba ọ̀nà odò, ẹ̀yìn ilé ni kó wá, igi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ń wó, kó hú u tìdítìdí, ibẹ̀ la ó gbin àgbàdo sí lọ́dún tó ń bọ̀. Mẹ́rin tó ní ewé náà wà nínú rẹ̀. Tó bá bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú, gbé fóònù fún mi.

Oníkálẹ́ńdà ni kejì. Sọ fún un pé mi ò mọ iye àpò tó máa jáde lọ́dún tó ń bọ̀, kó má sì bi ọmọ mi, kó bi mí.

Ọ́fíìsà, sọ fún un pé kì í ṣe torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ṣe ṣe é. Tó bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Ọkọ rẹ, má sọ fún un. Èmi ni màá sọ fún un nígbà tó bá dé, kó tó bọ́ bàtà. Ìwọ gbé ìwé yìí sí tòsí. Tó bá ní mo ń ṣe ojúsàájú fún igbó, ka ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà fún un, ibi tí o kọ tìrẹ sí. Kò tíì gbọ́ ọ rí. Tó bá ṣì fẹ́ lọ wa tipà, á lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ìkẹyìn. Má ṣe pè é lónìí, má sì pè é lọ́la. Dúró títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí katakata bá ti lọ. Tó bá gbọ́ ṣáájú, á wọkọ̀ wá síbí. Tó bá sì dé bá àwọn ọsàn náà lórí ìdúró, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹyọ kan nínú wọn.